Ọjọ́ Mẹ́rin Tó Jẹ́ Tèmi

Ọdún kẹrin tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ipò mẹ́rin ni mo dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni olórí kíláàsì wa. Èmi ni akọ̀wé tó ń rí sí ìrọ̀rùn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Mo wà lára àwọn mẹ́ta tó ń ṣojú fákọ́tì wa nínú ìdíje ẹjọ́ ìdánrawò. Wọ́n tún wá fi mí ṣe alábòójútó kílíníìkì òfin, ìyẹn yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé, níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí kò lówó lọ́yà, tí olùkọ́ wa tó jẹ́ agbẹjọ́rò sì ń ṣọ́ ohun tí à ń ṣe. Bí wọ́n bá béèrè pé ta ló lè ṣe nǹkan kan, ọwọ́ tèmi ló máa ń kọ́kọ́ lọ sókè. Inú mi máa ń dùn bí ojú gbogbo èèyàn bá yí sí mi. Mo gbà pé bí aṣáájú ṣe ń rí nìyẹn.

Kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí fún ẹni tí kò kọ́ òfin rí. Ọdún márùn-ún ni fún ẹni tó bá gba JAMB wọlé, lẹ́yìn náà ni Law School, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Bwari, ní Àbújá níbí. Ìwé náà kò le ju orí lọ; ó kàn pọ̀ ni. Olùkọ́ lè dárúkọ ẹjọ́ mẹ́jọ ní wákàtí kan. Ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan lè tó ogójì ojú ewé, adájọ́ kan á sọ tibí, èkejì á yà sọ́hùn-ún, ìwọ lo máa fa èyí tó di òfin yọ nínú rẹ̀. Àwa tí à ń kà á ní òkè Ọya tún ní tiwa lọ́tọ̀. Penal Code, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àríwá ní 1960, ni wọ́n fi ń ṣẹjọ́ ọ̀daràn ní Àbújá. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa, Criminal Code ni, tàbí òfin tí ìpínlẹ̀ kan ṣe fúnra rẹ̀. Ìwé méjì fún ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, o sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ báyìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹrù yẹn nìkan tó èèyàn í gbé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni ìyá kan wọlé sí kílíníìkì wa. Èlùbọ́ ló ń tà. Ìdí àtẹ ló ti dìde wá, èlùbọ́ ṣì wà lára ìró rẹ̀ àti láàárín ìka ọwọ́ rẹ̀, mudu tó fi ń wọn ọjà sì wà nínú ọ̀rá tó gbé dání. Ọmọ Tiv ni ẹnìkejì mi tó jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Màmá gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Hausa ọjà débi tó lè fi ná nǹkan, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò tó èyí tó fẹ́ fi ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní kíláàsì. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ jókòó, ẹ rọra ṣàlàyé fún mi.” Bó ṣe gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́ rẹ̀. Mo ti ka abala yẹn láìmọye ìgbà. Ojú ìyá yìí ni mo ti rí ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́.

Láti ọjọ́ Ajé ni ọlọ́pàá ti mú ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, iṣẹ́ wẹ́dà ló ń kọ́. Kì í ṣe òun ni wọ́n wá mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ra ọjà àwìn lọ́wọ́ oníṣòwò kan, kò san owó, ó sì ti kúrò nílùú. Wọn ò bá a nílé, àbúrò tó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé ni wọ́n bá, wọ́n ní kó máa bọ̀, pé bí ẹ̀gbọ́n bá gbọ́, á jáde wá.

Òfin kọ ìwà yìí lọ́nà méjì. Òfin tó ń darí bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, tí wọ́n ṣe ní 2015, tí gbogbo wa ń pè ní ACJA, sọ ní abala 7 pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Abala 8 sì sọ pé wọn kò gbọdọ̀ torí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan mú èèyàn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè tún wà níbẹ̀, abala 35: bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní láti gbé e dé iwájú adájọ́. Kóòtù kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá yẹn. Ọmọ náà sì ti lo ọjọ́ márùn-ún.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dìde ní kóòtù rojọ́ fún èèyàn. Ohun tí agbára wa ká ni pé ká gbọ́ ọ̀rọ̀, ká kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, kí olùkọ́ wa fọwọ́ sí i, ká sì fa ọ̀rọ̀ náà lé Legal Aid Council lọ́wọ́, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976 láti máa gba ẹjọ́ aláìní rò. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Mo kọ gbogbo ohun tí Màmá sọ sórí bébà kan. Mo ní, “Màmá, ẹ máa lọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo máa kọ ọ́ lálẹ́ òní, olùkọ́ wa á fọwọ́ sí i láàárọ̀ Ajé, a ó sì mú un lọ.”

Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, “Lọ́yà mi, Ọlọ́run á gbé ọ ga.”

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, ìpàdé ẹgbẹ́ gbà wá títí di aago mọ́kànlá, lórí owó bọ́ọ̀sì tó máa gbé wa lọ síbi àsè òpin ọdún. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìdíje ń dúró dè mí láti ṣe ìdánrawò. Ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo ń kó owó ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ fún gbogbo kíláàsì, náírà lórí náírà, èyí san, èyí kò san. Nígbà tí ọjọ́ Ajé mọ́, orí mi kún fún ohùn àwọn tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, ohùn Màmá kò sì sí lára wọn, torí kò ní nọ́ńbà mi. Bébà rẹ̀ wà nínú fáìlì, lábẹ́ ìwé ìdíje. N kò ṣí i ní ọjọ́ Ajé. N kò ṣí i ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. N kò ṣí i ní Ọjọ́rú.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni a ṣe tẹ́ẹ̀sì lórí òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ìbéèrè kejì ní kí a ṣàlàyé ẹ̀tọ́ ẹni tí ọlọ́pàá mú. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Mo kọ abala 35, mo kọ kìlómítà 40, mo kọ “ọjọ́ kan”. Ọwọ́ mi dúró síbẹ̀. Mo ń wo ọ̀rọ̀ méjì yẹn, “ọjọ́ kan”, lójú yíǹkì tí kò tíì gbẹ, mo sì rí ìyá kan tó gbé mudu sínú ọ̀rá.

N kò mọ ohun tí mo kọ parí ìdáhùn yẹn. Mo fi ìwé sílẹ̀ kí àkókò tó pé, mo sáré lọ sí kílíníìkì, mo sì kọ lẹ́tà náà. Ogójì ìṣẹ́jú ló gbà. Olùkọ́ wa kà á, ó tún gbólóhùn méjì ṣe, ó fọwọ́ sí i. Ó wá béèrè pé, “Ọjọ́ wo ni ìyá yìí wá?” Mo ní ọjọ́ Ẹtì. Ó wo déètì tó wà lókè lẹ́tà, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó gbé fóònù, ó pe òṣìṣẹ́ Legal Aid tó mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni a jọ lọ sí àgọ́ náà, Màmá sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa, torí ojoojúmọ́ ló ń gbé oúnjẹ lọ. Kò pé wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fi tú ọmọ náà sílẹ̀. Wọn ò gba béèlì, wọn ò béèrè onídùúró. Ọ̀gá wọn ka lẹ́tà, ó bá òṣìṣẹ́ Legal Aid sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n lọ mú un wá. Ó rọrùn débi pé ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ọ̀nà kọ́rídọ̀ ni ọmọ náà gbà jáde. Ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, torí wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un. Kò wọ bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú díẹ̀ lókè ọrùn ẹsẹ̀, àmì sìmẹ́ńtì sì wà ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì bí eérú. Màmá kò ké, kò dì mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ń tì í bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ bàtà fún ọmọ ọdún méjì tó fẹ́ lọ síléèwé. Sílípáàsì náà kò gbà á, gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rìn dé ibi tí kẹ̀kẹ́ wà, ọmọ wọ bàtà ìyá, ìyá ń fẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta wẹ́wẹ́ etí títì.

Láti ọjọ́ Ajé tí wọ́n mú un títí di ọjọ́ Ẹtì yẹn, ọjọ́ méjìlá ni. Bí lẹ́tà náà bá jáde ní àárọ̀ Ajé bí mo ti wí, ọ̀sán ọjọ́ Ajé náà ni ì bá délé. Ọjọ́ tó ṣáájú ìyẹn, ọrùn àwọn tó mú un ló wà. Ọjọ́ mẹ́rin tó kù, tèmi ni.

Kí Màmá tó wọ kẹ̀kẹ́, ó kó mudu èlùbọ́ méjì tó ti wọ̀n sínú ọ̀rá fún mi. Mo kọ̀ ọ́, ó fi dandan lé e. Mo gbé e sábẹ́ ibùsùn mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, n kò lè fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo lọ bá a lọ́jà. Ó dìde, ó ti ń pe àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ẹ wá wo lọ́yà tí mo sọ fún yín. Mo ní kó jọ̀wọ́ kó jókòó. Mo sọ fún un pé n kò kọ lẹ́tà náà lálẹ́ ọjọ́ tí mo ní mo máa kọ ọ́, pé ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ rẹ̀ fi sùn sórí sìmẹ́ńtì nítorí mi.

Ó ní, “Mo rò pé ẹjọ́ náà ló le.”

Mo ní, “Rárá, Màmá. Mo gbàgbé ni.”

Ó dákẹ́. Ó ń fi ìka nu etí mudu rẹ̀ yípo, yípo. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló ní, “Ọmọ àbúrò mi kan ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́ ní Wuse. Alẹ́ ọjọ́ tí mo wá bá ọ yẹn ló pè mí, ó ní ṣé kí òun bá ọ̀gá òun sọ ọ́. Èmi ni mo ní kó má ṣèyọnu, pé ọmọ wa kan ti gbà á ṣe.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an ló sọ. Oníbàárà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn èlùbọ́, mo sì dúró níbẹ̀ títí ó fi ní kí n máa lọ, pé ìwé mi ń dúró dè mí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣì ń gbé kiri. Kí n tó gbọ́ ọ, èrò mi ni pé bí mo bá gba iṣẹ́ tí n kò wá rí ṣe, kò yàtọ̀ sí pé n kò gbà á. Nǹkan kàn wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ọmọ àbúrò Màmá wà lórí fóònù, ọ̀gá rẹ̀ wà ní Wuse, ilẹ̀kùn kan ti ṣí gbayawu, èmi ni mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìlérí mi ló dí i. Yorùbá mi pàápàá wà lára ohun tó dí i, torí pé èdè rẹ̀ tó gbọ́ lẹ́nu mi ló jẹ́ kó gbà mí gbọ́ débi tí kò fi wá ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mo sì rò pé olójúkòkòrò oúnjẹ ni wọ́n ń bá wí. N kò mọ̀ pé wọ́n ń bá ẹni tó ń kó ipò jọ wí pẹ̀lú.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a wọ fákọ́tì, wọ́n sọ fún wa nípa Christopher Alexander Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sàró, ẹni tó kọ́kọ́ di lọ́yà nínú gbogbo ọmọ Nàìjíríà. 1879 ni wọ́n gbà á sínú ẹgbẹ́ amòfin ní ìlú Òyìnbó. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ̀ mọ́ ọn ni pé nítorí ìtọ́sọ́nà àwọn èèyàn rẹ̀ àti ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni amòfin ṣe wà láyé. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé mi. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ nígbà náà ni ohun ńlá: gbọ̀ngàn, makirofóònù, èèyàn tó ń pàtẹ́wọ́. N kò rí bébà kan nínú fáìlì níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Gani Fawehinmi. Ọmọ Oǹdó, ó kú ní 2009, èmi kò sì mọ̀ ọ́n bí kò ṣe nínú ìtàn. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ nípa rẹ̀ ni bó ṣe ń kojú ìjọba ológun, bí wọ́n ṣe ń tì í mọ́lé tí ó ń jáde, tí ó tún ń padà lọ sí kóòtù. Òtítọ́ ni. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ Màmá ń jẹ mí lọ́kàn, mo wọ ilé ìkàwé, mo dúró níwájú àwọn pákó tí wọ́n to Nigerian Weekly Law Reports sí, láti òkè dé ilẹ̀, ìyẹn àwọn ìwé tó ń kó ìdájọ́ kóòtù jọ, òun ló sì dá a sílẹ̀ ní 1985. Ẹ wo orúkọ rẹ̀: ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni. Ẹnì kan ní láti lọ gba ìdájọ́ lọ́wọ́ kóòtù, ẹnì kan á kà á, á yọ kókó rẹ̀, á tún àṣìṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá parí, òmíràn ti dé. Kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn. Síbẹ̀, kò sí lọ́yà tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Nàìjíríà tí kì í jẹ nínú rẹ̀. Lọ́kàn tèmi, bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọkùnrin yẹn kí n fi pe aṣáájú, àwọn ìwé yẹn ni mo máa mú.

Àti Adájọ́ Mariam Aloma Mukhtar, ẹni tí àwa obìnrin tí à ń kọ́ òfin ní òkè Ọya máa ń fi orúkọ rẹ̀ gba ara wa níyànjú. 1967 ló di agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà. Ó di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ní Kano ní 1977, ó dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 1987, ó dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2005, ní 2012 ló wá di adájọ́ àgbà Nàìjíríà, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́. Ọdún márùnlélógójì ni mo kà. Mo máa ń ronú nípa iye fáìlì tó kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àti pé orúkọ èèyàn kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ń ka ọjọ́.

Ọ̀nà tí mò ń gbà láti Kubwa wọ ìlú máa ń gbé mi kọjá níbi tí ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ìjọba ti ń fun fèrè lé gbogbo ayé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ní Àbújá, ojú wa ti mọ́ ọn. Tẹ́lẹ̀, inú máa ń bí mi nítorí ariwo. Ní báyìí, tábìlì wọn ni mò ń ronú sí. Ta ló ń dúró de ìwé kan lórí rẹ̀? Ta ni ì bá ti fọwọ́ sí i tipẹ́, ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ fún un? Àwọn tó kọ ìwé òfin wa mọ nǹkan kan nípa èyí. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, nínú àfikún karùn-ún, wọ́n kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gba owó ipò ìjọba méjì pọ̀, àti pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní kíkún kò gbọdọ̀ máa darí òwò tirẹ̀, àfi iṣẹ́ oko nìkan. Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n máa ń fi abala yẹn ṣàlàyé fún wa ní kíláàsì, kí èèyàn má baà jalè. Èmi rí ọ̀rọ̀ agbára nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ọwọ́ èèyàn kò ju méjì lọ.

Bàbá mi mọ èyí láìka ìwé òfin. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ó bá òwò wá sí òkè Ọya bíi ti ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù páìpù omi sí Kubwa, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa. Nígbà tí tiransifọ́mà jó tí àdúgbò dáwó ra òmíràn, òun ló ń kọ owó sílẹ̀. Ìwé ẹlẹ́yìn líle ni, ó fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ, iye tó san, iye tó kù, ọjọ́. Bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, á kọ́kọ́ ṣí ìwé yẹn lálẹ́ kó tó bu òkèlè. Bí iná bá lọ, á tan tọ́ọ̀ṣì, á fi eyín di í mú, á máa kọ. Àwọn onílé bẹ̀ ẹ́ títí kó wá jẹ alága. Ó kọ̀. Ìyá mi bínú, èmi náà bínú, mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ọmọ alága. Ohun tó sọ ni pé, “Akọ̀wé ni mo lè ṣe kó pé. Bí mo bá jẹ alága, ìwé yìí á dùbúlẹ̀.” Mo pè é ní ojo nínú ọkàn mi. Nígbà tí mo délé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá, mo sọ fún un pé mo ti pè é bẹ́ẹ̀ rí, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n lọ mú ìwé náà wá lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sí orúkọ kan tí ìlà rẹ̀ ṣófo.

Mo fi ipò akọ̀wé ìrọ̀rùn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo fi ti olórí kíláàsì náà sílẹ̀. Kò rọrùn fún mi. Àwọn kan ní mo ń sá, àwọn kan ní mo ń ṣe bí ẹni tó ga ju iṣẹ́ lọ, mo sì sunkún sí i. Ọmọbìnrin tó gba ipò ìrọ̀rùn lọ́wọ́ mi kò tí ì lo oṣù kan tán tí táǹkì omi họ́sítẹ́ẹ̀lì wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Táǹkì yẹn, odindi sáà kan ni mo fi ń sọ fún gbogbo èèyàn pé mò ń bójú tó o. Ìdíje ni mo parí, torí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì gbára lé mi, kílíníìkì nìkan ni mo sì wá fi gbogbo ara dì mú.

Mo ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan fún kílíníìkì náà. Mo fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́ tí èèyàn wá, ohun tí a ṣèlérí fún un, ẹni tó gbà á ṣe, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Nọ́ńbà wa ni a ń kọ fún ẹni náà kó tó jáde, kó lè pè wá kó bá wa wí. Ìlà ìkẹyìn ni àwọn yòókù béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Orí rẹ̀ ni pé: “Ta tún ni ẹ lè pè?” Mo ní kí wọ́n bi gbogbo ẹni tó bá wọlé ní ìbéèrè yẹn, kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún un pé kó pe ẹni náà pẹ̀lú, kó má tijú wa. Ó yani lẹ́nu iye àwọn tó ní ẹnì kan: pásítọ̀ tó mọ lọ́yà, àlùfáà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù, aládùúgbò tó jẹ́ ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Èlùbọ́ tó wà lábẹ́ ibùsùn, mo ro ó lọ́jọ́ tí a ṣí ìwé náà, gbogbo wa ní kílíníìkì jẹ àmàlà, ọmọ Tiv ẹnìkejì mi jẹ tirẹ̀ tán ó tún bù sí i.

Mo ti wà ní ọdún karùn-ún báyìí. Iṣẹ́ àkànṣe tí a ó fi gboyè wà lọ́rùn mi, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Màmá ni. Onílé kan ti ti ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa, láìfún un ní ìwé kankan. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa, bí ẹni tó ti mọ ohun tí lọ́yà máa ń béèrè. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ṣé o ráyè, àbí kí n sọ fún un kó pe ẹlòmíì?”

Mo ṣí ìwé mi, mo wò ó. Mo ní, “Màmá, mi ò ráyè títí di Ọjọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kó pe Legal Aid, mo ní nọ́ńbà wọn níbí. Ẹ pe ti Wuse náà.”

Ó ní, “Ó dáa. Kà á fún mi, kí n kọ ọ́.”

Mo ka nọ́ńbà náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kà á padà sí mi létí, ó ní o ṣeun, ó sì pa fóònù.